Ẹ́ńjìnnì Tírélà Tó Ti Rẹ̀: Ṣé Ká Tún Un Ṣe Ni àbí Ká Pààrọ̀ Rẹ̀?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Tírélà kan ṣoṣo ni mo ní, òun náà ni mo fi ń jẹun. Ẹ́ńjìnnì dísù oní-sílíńdà mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, ó sì ti rìn ju 900,000 kìlómítà lọ. Láti oṣù díẹ̀ sẹ́yìn ló ti ń jẹ ọ́ìlì, ó tó lítà mẹ́rin láàrin 1,000 kìlómítà. Èéfín rẹ̀ ti di aláwọ̀ aró, kì í lè gun òkè mọ́ bí ẹrù bá wúwo, tí òtútù bá sì mú láàárọ̀, ó máa ń pẹ́ kó tó sitáàtì. Mẹkáníìkì mi ní ká sọ ọ́ kalẹ̀ ká ṣe ófáhọ́ọ̀lù, ìyẹn ká tú inú rẹ̀ palẹ̀ ká tún un ṣe. Ẹlòmíràn ní ìnákúnàá ni, pé kí n ra àlòkù kan gbé sí i. Èwo ni kí n ṣe?"

Ẹ kú ìnáwó o, ẹ sì kú ìrònú. Ẹni tó ní ọkọ̀ kan ṣoṣo mọ̀ pé ọjọ́ tí ọkọ̀ bá ti dúró, owó ti dúró nìyẹn. Àwọn méjèèjì tó gbà yín nímọ̀ràn lè jàre, wọ́n sì lè jẹ̀bi, torí mi ò rí i nínú ọ̀rọ̀ yín pé ẹnikẹ́ni nínú wọn wọn ohunkóhun. Èéfín ni wọ́n rí, ni wọ́n bá dájọ́. Èéfín kì í sọ bóyá ẹ́ńjìnnì ṣeé tún ṣe tàbí kò ṣeé tún ṣe. Búlọ́ọ̀kù, ìyẹn irin ńlá tí àwọn sílíńdà wà nínú rẹ̀, àti kíráńkì, ọ̀pá ńlá tí àwọn písítìnì ń yí, ló ń sọ ìyẹn, ìgbà tí a bá sì gbé irin ìwọ̀n lé wọn la tó lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Èmi náà ò tíì gbọ́ dídún ẹ́ńjìnnì yín, nítorí náà mi ò ní sọ fún yín pé èyí ni kí ẹ ṣe ní pàtó. Ohun tí mo lè ṣe ni pé kí n fi ọ̀nà tí mo máa ń gbà dé ìdí ọ̀rọ̀ hàn yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá inú sílíńdà ni ọ́ìlì náà ń bá lọ lóòótọ́. Mo ti rí tírélà tí wọ́n ti ń kó irinṣẹ́ jọ láti sọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kalẹ̀, tó wá jẹ́ pé kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tó ń ṣe afẹ́fẹ́ fún bíréèkì ló ń kó ọ́ìlì lọ. Ara ẹ́ńjìnnì ni kọ̀mpúrẹ́sọ̀ yìí ti ń gba ọ́ìlì tirẹ̀. Bí ríìngì inú rẹ̀ (irin róbótó tó yí písítìnì ká tó ń dí ọ́ìlì lọ́nà) bá ti jẹ, á máa ti ọ́ìlì náà lọ sínú àwọn táńkì afẹ́fẹ́. Ẹ ṣí kọ́ọ̀kì tó wà nísàlẹ̀ táńkì wọ̀nyẹn. Bó bá jẹ́ omi díẹ̀ ló jáde, kò burú púpọ̀, àmọ́ bó bá jẹ́ ọ́ìlì ló ń tú jáde, ẹ ti rí ọ̀kan nínú àwọn olè. Olè kejì ni tọ́bò, abẹ̀bẹ̀ tí èéfín ń yí kó lè máa ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì. Inú ọ́ìlì ni irin àárín rẹ̀ ti ń yí, bí síìlì rẹ̀ bá sì ti já, ọ́ìlì á bá afẹ́fẹ́ wọ inú sílíńdà, á jóná níbẹ̀, èéfín tí yóò mú jáde á sì jọ ti ríìngì tó jẹ débi pé ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ tú páìpù tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde lára tọ́bò. Kí ó kàn tutù fún ọ́ìlì díẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ tí ọ́ìlì bá dúró bí adágún nínú rẹ̀, ẹ di irin àárín tọ́bò mú kí ẹ mì í. Díẹ̀ ló yẹ kó mì sí ẹ̀gbẹ́. Tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ bá ń ha ilé, tàbí tí ẹ bá lè fà á síwá-sẹ́yìn kí ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n, tọ́bò ti lọ.

Agbára tó dín kù àti pípẹ́ kó tó sitáàtì náà ní ohun mìíràn tó lè fà wọ́n. Fílítà afẹ́fẹ́ tó dí, fílítà epo tó dí, rọ́bà tó ya láàrin tọ́bò àti ẹnu ọ̀nà sílíńdà, nọ́súlù (ẹnu tó ń fọ́n epo sínú sílíńdà) tó ń tọ̀ dípò kó máa fọ́n, gbogbo wọn ló lè mú kí ọkọ̀ má lè gun òkè. Yàtọ̀ sí ti fílítà epo, èéfín dúdú ló sábà máa ń bá ìwọ̀nyẹn rìn. Bátìrì tó rẹ̀ tàbí sitátà tó ń yí jẹ́jẹ́ sì lè mú kí ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ le ṣe bí arúgbó láàárọ̀, nítorí ooru tó ń jáde látinú afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ ni dísù fi ń gbiná. Bí yíyí rẹ̀ kò bá yá, ooru náà kò ní tó. Mi ò sọ pé bó ṣe rí nínú tiyín nìyí o. Ọ́ìlì lítà mẹ́rin àti èéfín aláwọ̀ aró pẹ̀lú irú ìrìn yẹn fi ríìngì àti sílíńdà hàn gbangba. Àmọ́ ọ̀sán kan péré ni àyẹ̀wò wọ̀nyí máa gbà, owó wọn kò sì tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí wọ́n ní kí ẹ ná.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n wọn kọ̀mpúrẹ́ṣàn, ìyẹn bí písítìnì ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó, nínú sílíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ìwé tí ilé iṣẹ́ kọ fún ẹ́ńjìnnì náà ni kí ẹ fi nọ́ńbà tí ẹ bá rí wé, torí ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ohun tí èmi máa ń wò ju nọ́ńbà fúnra rẹ̀ lọ ni ìyàtọ̀ láàrin sílíńdà kan sí èkejì. Bí márùn-ún bá sún mọ́ra, tí ẹyọ kan wá lọ sílẹ̀ ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fáàfù kan (ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ tàbí èéfín ń gbà) ló jóná, tàbí tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì, ohun pẹlẹbẹ tó ń dí àárín tọ́ọ̀pù àti búlọ́ọ̀kù, ló fẹ́, tàbí písítìnì kan ló sán. Kò sí ìdí láti sin odindi ẹ́ńjìnnì nítorí ìyẹn. Tí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá jọ relẹ̀ bákan náà, ọjọ́ ogbó ló dé. Àwọn kan máa ń da ọ́ìlì díẹ̀ sínú sílíńdà kí wọ́n tún un wọ̀n, pé bí nọ́ńbà bá gòkè, ríìngì ló jẹ. Ọgbọ́n ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù nìyẹn. Àyè tó ṣẹ́ kù lórí písítìnì dísù kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọ́ìlì náà fúnra rẹ̀ á gbé nọ́ńbà sókè, á sì parọ́ fún yín.

Èyí tó dára ju ìyẹn lọ ni pé kí wọ́n gbé písítìnì dé òkè pátápátá, kí wọ́n dè é kó má yí, kí wọ́n wá fi afẹ́fẹ́ sí sílíńdà náà láti ibi tí nọ́súlù wà, kí wọ́n sì dẹ etí sílẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu sálẹ́ńsà, fáàfù èéfín ló ń jò. Bó bá ń sọ̀rọ̀ níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́, fáàfù ti ìhà ibẹ̀ ni. Bí omi rédíétọ̀ bá ń yọ ìfófòó, gáskẹ́ẹ̀tì tàbí irin tó sán ni. Bó bá wá jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń da ọ́ìlì sí ẹ́ńjìnnì ló ti ń fẹ́ jáde, ríìngì àti sílíńdà ni, kò sí àríyànjiyàn mọ́. Kí wọ́n tún wọn ìtì ọ́ìlì, ìyẹn agbára tí ọ́ìlì fi ń ti ara rẹ̀ lọ, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná dáadáa, kí wọ́n fi gẹ́ẹ̀jì tí wọ́n dè mọ́ ara ẹ́ńjìnnì wọ̀n ọ́n, kì í ṣe èyí tó wà níwájú awakọ̀. Òfin àtọwọ́dọ́wọ́ tí àwa mẹkáníìkì ń lò ni 10 psi (psi ni wọ́n fi ń ka ìtì lójú gẹ́ẹ̀jì) fún 1,000 ìyípo ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Bó bá kéré sí ìyẹn púpọ̀, ó lè jẹ́ pé béárìn, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kíráńkì ń yí nínú rẹ̀, ti ń ṣí àlàfo sílẹ̀. Kí wọ́n sì gé fílítà ọ́ìlì sí méjì, kí wọ́n tẹ́ bébà inú rẹ̀ sínú oòrùn. Bí ẹ bá rí ohun tó ń dán bí bàbà níbẹ̀, ẹ má wa ọkọ̀ yẹn lọ síbì kankan mọ́. Béárìn ti ń fọ́, ẹrù ẹyọ kan sí i lè ba kíráńkì tí ì bá ṣeé gbà là jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ lórí ófáhọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹ̀tàn pọ̀ sí jù. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe oríṣiríṣi iṣẹ́. Ẹnì kan á ra ríìngì àti gáskẹ́ẹ̀tì, á nu písítìnì, á dè é padà, á ní òun ti ṣe ófáhọ́ọ̀lù. Ẹlòmíràn á wọn gbogbo ohun tó ń fara gbo ara wọn, á pààrọ̀ èyí tó bá ti jẹ, á gbé tọ́ọ̀pù sílíńdà lọ fún àyẹ̀wò, á sì kọ gbogbo ohun tó rí sílẹ̀. Tí wọ́n bá dá owó lé e fún yín, kí ẹ tó sọ pé ó wọ́n tàbí kò wọ́n, ẹ bèèrè èwo nínú méjèèjì ni wọ́n ń sọ. Èyí tó kéré yẹn kì í pẹ́. Òkè, níbi tí ríìngì ti ń yí padà, ni sílíńdà ti máa ń jẹ jù, kì í sì í jẹ yíká dọ́gba. Kí èèyàn wá fi ríìngì tuntun tó rí róbótó sínú ihò tó ti fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan dà bí kó fi ọmọrí tuntun bo ìkòkò tí ẹnu rẹ̀ ti wọ́. Á dáa fún oṣù díẹ̀, ọ́ìlì á tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Irú búlọ́ọ̀kù tí ẹ ní ṣe pàtàkì gan-an níbí. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tírélà ńlá ló ní silíìfù, agolo irin tí písítìnì ń rìn nínú rẹ̀, tí omi ń yí ká, èyí tí wọ́n lè fà jáde kí wọ́n sì ki tuntun bọ̀ ọ́. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, tí kíráńkì bá sì dára, wọ́n lè pààrọ̀ silíìfù, písítìnì, ríìngì àti béárìn láìsọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ lórí ṣáásì rárá. Òkè ni wọ́n á ti ṣí tọ́ọ̀pù, ìsàlẹ̀ ni wọ́n á ti tú sọ́ńpù, abọ́ tí ọ́ìlì ń dúró sí. Iṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan ni, bí gbogbo pátì bá ti wà nílẹ̀. Èyí ni ófáhọ́ọ̀lù tí owó rẹ̀ kì í dun èèyàn. Ẹ kàn rí i dájú pé wọ́n wo èjìká tí silíìfù jókòó lé nínú búlọ́ọ̀kù, kí wọ́n sì wọn bí orí silíìfù ṣe yọ sókè ju ojú búlọ́ọ̀kù lọ. Bíńtín ni, kò tó mílímítà kan, àmọ́ òun ló ń di gáskẹ́ẹ̀tì mú. Bí ọ̀kan bá rì ju ìyókù lọ, gáskẹ́ẹ̀tì tuntun yẹn á fẹ́ láìpẹ́, wọ́n á sì sọ fún yín pé gáskẹ́ẹ̀tì ayédèrú ni. Tó bá jẹ́ pé ara búlọ́ọ̀kù gan-an ni wọ́n gbẹ́ sílíńdà sí, kò sí silíìfù tí a máa fà. Kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ ló kù, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin, fún ríbọ́ọ̀, ìyẹn kí wọ́n fẹ ihò náà sí i, 0.25 tàbí 0.50 mílímítà lọ́pọ̀ ìgbà, kí ẹ sì ra písítìnì tó bá ìwọ̀n tuntun náà mu. Bí wọ́n bá ti ṣe irú rẹ̀ rí lára ẹ́ńjìnnì yín, ó lè máà sí àyè fún òmíràn mọ́.

Kíráńkì ló máa ń dá ẹjọ́ yìí nígbẹ̀yìn. Bí ojú rẹ̀ bá ṣì ń dán, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì wà nínú ààlà tí ìwé sọ, béárìn tuntun ti tó. Bó bá ti ha, tọ́nà lè gé e wálẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n fi béárìn tó nípọn sí i sí i. Àmọ́ awọ ara kíráńkì nìkan ni wọ́n sábà fi iná mú le. Ẹni tó bá gé e kọjá awọ yẹn ti dé ibi irin rírọ̀, ẹni tó bá sì gé igun rẹ̀ ní ṣánṣán dípò kó tẹ̀ rọ́bọ́tọ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni kíráńkì á ti ṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Àwọn ẹ́ńjìnnì kan wà tí ilé iṣẹ́ wọn kò gbà kí wọ́n gé kíráńkì wọn rárá. Bí béárìn bá ti yí nínú ihò rẹ̀ rí, ihò ara búlọ́ọ̀kù náà ti bàjẹ́ nìyẹn, ó sì di dandan kí wọ́n tún gbogbo wọn tò sójú ìlà kan náà. Ìgbà tí iṣẹ́ bá dé ibí yìí, tàbí tí ọ̀pá písítìnì bá ti fọ́ ẹ̀gbẹ́ búlọ́ọ̀kù jáde, ni èmi máa ń sọ fún ẹni tó ni ọkọ̀ pé kó gbàgbé àtúnṣe.

Ìbéèrè kan wà tí ẹ kò bi mí, òun ni èmi ì bá sì kọ́kọ́ bi yín: kí ló pa ẹ́ńjìnnì náà? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ogbó lásán, 900,000 kìlómítà kì í ṣe ìrìn kékeré. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ihò wà lára rọ́bà afẹ́fẹ́ tí eruku ń gbà wọlé, eruku yẹn ń lọ ríìngì bí yanrìn ni, yóò sì lọ ti ẹ́ńjìnnì tuntun náà. Bó bá jẹ́ rédíétọ̀ tó dí ló ń mú un gbóná, ẹ́ńjìnnì mìíràn á gbóná níbẹ̀. Bó bá jẹ́ omi lásán lẹ ń dà sí i láìsí kẹ́míkà tó yẹ, ẹ wo ẹ̀yìn silíìfù tí wọ́n bá fà jáde. Ẹ lè rí ihò wẹ́wẹ́ bíi pé kòkòrò jẹ ẹ́. Gbígbọ̀n silíìfù ló ń dá ìfófòó sínú omi, ìfófòó yẹn ń fọ́ mọ́ irin lára títí yóò fi lu já. Bí ẹ bá lè fi ọ́ìlì tó wà nínú rẹ̀ báyìí ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò rẹ̀, ẹ ṣe é kí wọ́n tó dà á nù. Silíkọ́nì tó pọ̀ pẹ̀lú irin ń tọ́ka sí eruku, sódíọ̀mù ń tọ́ka sí omi rédíétọ̀ tó ń jò sínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìpààrọ̀ wá kù. Ẹ́ńjìnnì tuntun látọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ kò ní àríyànjiyàn àfi ti owó, àti pé fún ọkọ̀ tó ti pẹ́, wọ́n lè má ṣe é mọ́. Èyí tí ilé iṣẹ́ tún ṣe fúnra wọn, tí wọ́n ń fún èèyàn pẹ̀lú ìwé ìdánilójú, ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tí kò lè jẹ́ kí ọkọ̀ dúró pẹ́. Wọ́n máa ń gba ẹ́ńjìnnì àtijọ́ lọ́wọ́ yín mọ́ owó ni, nítorí náà bí búlọ́ọ̀kù yín bá ti fọ́, wọ́n á ní kí ẹ fi owó kún un. Èyí náà tún jẹ́ ìdí láti má ṣe wa ọkọ̀ tó ń pariwo títí irin á fi fò jáde.

Àlòkù tí ẹnì kejì sọ yẹn kì í ṣe ìmọ̀ràn burúkú. Ewu rẹ̀ ni pé ẹ ń fi àìsàn tí ẹ mọ̀ pààrọ̀ èyí tí ẹ kò mọ̀. Bí ẹ bá máa rà á, ẹ má ra èyí tí wọ́n ti fọ̀ tó ń dán, torí ọṣẹ àti omi gbígbóná kì í jẹ́ kí èèyàn rí ibi tí ọ́ìlì ti ń jò. Ẹ ní kí wọ́n sitáàtì rẹ̀ ní tútù lójú yín, kí ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ti ń da ọ́ìlì sí i, kí ẹ wo bó ṣe ń fẹ́ afẹ́fẹ́ jáde. Bí wọn ò bá gbà kí ẹ tú sọ́ńpù rẹ̀ wo béárìn ẹyọ kan, ẹ máa lọ. Ẹ fi nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì náà wé tiyín. Ìta ẹ́ńjìnnì méjì lè jọra kí búréènì bọ́ọ̀sì wọn (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì) má bára mu, kí nọ́súlù wọn yàtọ̀, kí ojú tí gíábọ́ọ̀sì ti ń so mọ́ ọn má dọ́gba. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ìwé ọkọ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ yí i padà.

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ti èmi: bí ó bá jẹ́ oní-silíìfù, tí kíráńkì bá wà nínú ìwọ̀n, tí ẹ sì fẹ́ lò ó fún ọdún mélòó kan sí i, màá tún un ṣe. Ẹ mọ ibi tó ti wá, ẹ mọ irú ọ́ìlì tó ń mu, ẹ sì máa mọ ohun gbogbo tí wọ́n pààrọ̀. Bí búlọ́ọ̀kù tàbí kíráńkì bá ti bàjẹ́, màá wá èyí tí ilé iṣẹ́ tún ṣe, kí n tó ronú kan àlòkù. Àmọ́ kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí èyíkéyìí, ẹ yí ọkọ̀ náà ká. Bí ṣáásì bá ti sán, tí gíábọ́ọ̀sì ń hu, tí ìpẹtà ti jẹ kébínì, ẹ bèèrè iye tí wọ́n máa ra ọkọ̀ yẹn bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá dára. Tí iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì bá ju ìdajì owó yẹn lọ, èmi á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa rà á bó ṣe wà. Ìwọ̀n tèmi nìyẹn, kò sí nínú ìwé kankan, ẹ sì fi iye ọjọ́ tí ọkọ̀ máa fi dúró kún ìṣirò náà.

Èyíkéyìí tí ẹ bá ṣe, kílọ́ọ̀ṣì, síìlì ẹ̀yìn kíráńkì, pọ́ǹpù omi àti tẹmósítáàtì ni kí wọ́n wò nígbà tí ọ̀nà ṣí sílẹ̀. Bí béárìn bá ti yọ́ tàbí tọ́bò bá ti fọ́, rédíétọ̀ ọ́ìlì gbọ́dọ̀ di tuntun, torí fífọ̀ kì í kó irin wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ tán. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ti ọ́ìlì dé gbogbo ihò rẹ̀ kí wọ́n tó sitáàtì rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má jẹ́ kó máa dúró sójú kan kó máa ṣiṣẹ́ lásán láti àárọ̀ dalẹ́ bí àwọn kan ti ń ṣe. Ìtì inú sílíńdà ló ń fẹ ríìngì mọ́ ògiri kí wọ́n lè bára wọn mu. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ lásán bẹ́ẹ̀, ògiri náà á dán bíi dígí, ọ́ìlì á sì tún máa kọjá. Ẹrù díẹ̀, ọ̀nà gbọọrọ, ìyípo tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ sì tètè pààrọ̀ ọ́ìlì àkọ́kọ́.

Kí ó tó dìgbà yẹn, tí ẹ bá ṣì ní láti wa ọkọ̀ náà, ẹ máa wo ọ́ìlì rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí ẹ sì dín ẹrù kù. Ẹ má da ọ́ìlì kọjá àmì òkè torí pé ó ń jẹ ẹ́. Dísù tí ríìngì tàbí tọ́bò rẹ̀ ti jẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ́ìlì ara rẹ̀ ṣe epo, kó máa sáré sí i fúnra rẹ̀, kí ẹ pa kọ́kọ́rọ́ kó má kú. Bó bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, tí ọkọ̀ sì jẹ́ onígíà ọwọ́, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gidi, ẹ fi í sí gíà tó ga jù, kí ẹ tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ kó lè fún un pa. Bó bá jẹ́ orí ìdúró ni, pátákó pẹlẹbẹ tó le ni kí ẹ fi dí ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́. Ẹ má fi ọwọ́ dí i, ẹ má sì fi aṣọ dí i, torí á fà á wọlé. Bí ẹ ò bá rí ohun tí ẹ lè fi dí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ sá kúrò nídìí rẹ̀.